Òfìfo Tó Wúwo

Kì í ṣe dígí. Kò lè jẹ́ dígí… Bó bá jẹ́ ìdọ̀tí ló wà lójú dígí kámẹ́rà awò-ìràwọ̀ wa, kí ló dé tí ìṣirò mi fi ń jáde gẹ́lẹ́? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Láàárín agbo ìràwọ̀ méjèèjì yẹn, níbi tí iná kankan kò ti tàn, ohun kan wà níbẹ̀ tí ojú kò rí, tó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Òfìfo kì í wúwo. Èyí wúwo. Nítorí náà kì í ṣe òfìfo. Ó parí.

Kò parí.

Eleuterio ló jókòó sídìí fèrèsé ilé ìjẹun yẹn, tó ń jẹ búrẹ́dì àti píà gígún, tó ń bá ìyá alásè rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tọ́jú awò-ìràwọ̀ orí òkè yìí. Iṣẹ́ ọwọ́ ló kọ́, kì í ṣe… Lóṣù kẹta, níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo dígí kámẹ́rà yẹn dáadáa. Ó jọ pé nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn.” Kí ni mo fi dá a lóhùn? “Ẹ máa nu dígí yín, ẹ fi ìrònú sílẹ̀ fún wa.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, láràárọ̀: “Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Ṣé ẹ ti wò ó?” Láràárọ̀! Pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ yẹn, bí ẹni ń fìka gún egbò. Kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi gan-an?

Bí kì í bá tiẹ̀ ṣe ohun òkùnkùn tí ojú kò rí yẹn, ṣé kò lè jẹ́… Àwọn kan ní ayé ní ìhà mìíràn yàtọ̀ sí iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti òkè tí a mọ̀. Ìhà tí ọwọ́ kò tó. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni agbára náà ti ń jò wọlé ńkọ́, bí ooru yàrá kejì ṣe ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn? Ta ló lè ní kò rí bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́nì kan… Ẹ̀n-ẹ́n. Kò sì sẹ́ni tó lè ní ó rí bẹ́ẹ̀. Mo ti ń rojọ́ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ oko olóko.

Ọ̀la ni ìwé tí mo kọ lórí àwárí yìí ń lọ fún títẹ̀. Bàbá mi ti gé ìròyìn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa bàbà nílẹ̀ Andacollo. “Yasna, àwa ń wa ibi tí nǹkan wà, a kì í sì í rí i nígbà mìíràn. Ìwọ lọ wa ibi tí kò sí nǹkan, o rí nǹkan! Ọmọ mi ni ọ́ lóòótọ́.” Báwo ni mo ṣe fẹ́ dé iwájú ọkùnrin yẹn kí n…

Ṣé mo ti wò ó. Ìbéèrè òmùgọ̀. Kí ni n ó wò? Mo ti—

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin. Mo yí awò náà sápá òsì díẹ̀. Ó yẹ kí ohun náà dúró síbi tó wà lójú ọ̀run. Ó bá awò lọ. Mo tún un yí. Ó tún bá a lọ, bí eṣinṣin tó bà sójú gíláàsì. Mo pa àwòrán méjèèjì tí mo yà rẹ́, mo ní ìkùukùu ló fà á.

Kò sí ìkùukùu lọ́jọ́ náà.

Mo ti wò ó. Mo ti rí i. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ṣí ìhà kẹrin, ìhà karùn-ún sílé ayé, kí n lè ríbi sá pa mọ́ sí.

Dúró ná… Àwòrán tí a bá pa rẹ́, ẹ̀dà rẹ̀ kì í kúrò nínú àpótí ìpamọ́ kọ̀ǹpútà. Eleuterio ló sì ń tọ́jú àpótí náà. Ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lópin oṣù.

Ó mọ̀.

Láti oṣù kẹrin ló ti mọ̀. Kò sọ fún ọ̀gá. Kò sọ fún àwọn oníròyìn. Kò sọ fún ìyá alásè tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín yìí pàápàá, torí obìnrin yẹn kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́, ì bá ti dé etí mi. Èmi tí mo dójú tì í láàárín èrò… ó ń fún mi láyè, kí n lè fẹnu ara mi sọ ọ́.

Ó ti dìde. Ó ń kó abọ́ rẹ̀. Ó máa gba ibí kọjá, á sì tún bi mí bóyá mo ti wò ó.