Obìnrin Inú Tẹlifóònù

"Ọkọ tèmi? Kí Mùsílíù máa wo obìnrin mìíràn? Àfi bí Odò Ògùn bá ṣàn gun orí Olúmọ!"

Bùsírátù ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ nílé iṣẹ́ tẹlifóònù l'Ábẹ́òkúta, tí gbogbo àwọn tó ń dúró de ìpè ń gbọ́. Oṣù kẹta rèé tí ọkọ rẹ̀ ti lọ ra ọjà ní Lọ́ńdọ̀nù. Sìlífátù, ìyálé rẹ̀, jókòó tì í, ó ń jẹ obì.

Ọládipọ̀, òṣìṣẹ́ tó ń so ìpè pọ̀, fi ẹ̀rọ bo etí. "Lọ́ńdọ̀nù ti dé! Ẹ gbé e, mà."

"Olówó orí mi! Ṣé ẹ ń rántí mi?"

Kẹ́kẹ́ pa. Bùsírátù ka ení, ó ka èjì.

"Mò ń rántí rẹ."

"Kí lẹ kọ́kọ́ dákẹ́ sí? Ojú ta lẹ̀ ń wò?"

Ọkọ kò tíì dáhùn tí ohùn obìnrin kan fi ti inú ẹ̀rọ jáde tín-ín-rín: "Ojú ta lẹ̀ ń wò?"

Owú ta Bùsírátù bí agbọ́n. "Ó tún ń sín mi jẹ! Aláìnítìjú!"

"Aláìnítìjú!" ni obìnrin náà dá a lóhùn.

"Ìyálé mi, ẹ gbọ́! Òní ni mò ń kó ẹrù mi lọ sílé bàbá mi ní Adigbẹ!"

"Ẹ fara balẹ̀, mà," ni Ọládipọ̀ wí. "Sátẹ́láìtì lókè ọ̀run lọ́hùn-ún ló ń gbé ohùn yín lọ, ìdí nìyẹn tí èsì fi ń pẹ́. Gbohùngbohùn yín, ohùn yín tó ń padà wá, lẹ̀ ń bá jà. Ẹ wúkọ́ wò."

Ó wúkọ́. Obìnrin náà wúkọ́.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Sìlífátù fẹ́rẹ̀ẹ́ yí lulẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ gbà mí o! Ó ń jowú ara rẹ̀!"

Ọládipọ̀ fa okùn kan yọ, ó kì í bọ ihò mìíràn. "Ẹ tún wúkọ́." Bùsírátù wúkọ́, ẹnikẹ́ni kò wúkọ́ padà. Ara tù ú. Sìlífátù pàápàá wá fi etí ti ẹ̀rọ, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Olówó orí mi, ẹ má bínú. Owú ló ń gùn mí."

Àwọn méjèèjì ń dúró de èsì. Ohùn obìnrin kan ló wọlé, ní pẹ̀lẹ́tù:

"Ọkọ mi, ẹ fi tẹlifóònù yẹn sílẹ̀. Tíì yín ti ń tutù."

Obì bọ́ lẹ́nu Sìlífátù. Ìyàwó wo ìyálé, ìyálé wo ìyàwó.

Ọládipọ̀ yọ ẹ̀rọ kúrò létí.

"Láìnì ti mọ́ gaara báyìí," ló wí.