Pákó Tí Bàbá Mi Kò Jọ̀wọ́

Ní ọdún tí etí bàbá mi di pátápátá, àwọn apẹja abúlé wa ní kí ó fi kùmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Wọn kò kórìíra rẹ̀. Ansas ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, kò sì sí apẹja kan ní Vente, abúlé wa, tí kò kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tiwa, iṣẹ́ etí ni. Bí ọ̀sà bá ti dì, tí yìnyín rẹ̀ sì nípọn tó láti gbé ẹṣin, a ó gbẹ́ ihò, a ó ta àwọ̀n sábẹ́ yìnyín. Lẹ́yìn náà a ó ti orí pákó gígùn kan bọ inú ihò kí ó lè wọ abẹ́ yìnyín lọ, ìdí rẹ̀ yóò sì yọ síta. Ènìyàn méjì á jókòó tì í, wọn á máa fi kùmọ̀ igi lù ú, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, láìsáré, láìdúró. Ìró yẹn ni stinta ń gbọ́ nínú omi. Ẹja kékeré ni stinta, kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òórùn kùkúḿbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ni ó sì máa ń run. Ní oṣù kejì ọdún, bí ó bá ń ti inú òkun bọ̀ wá yé ẹyin, ó máa ń tẹ̀lé ìró pákó bí ìjọ ti ń tẹ̀lé agogo.

Àwọn ará ìgboro Klaipeda tí wọ́n máa ń wá ní ọjọ́ Sátidé kò mọ pákó. Ìwọ̀ kéékèèké ni tiwọn. Ẹran ẹja tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìdẹ, tàbí ekòló pupa tí wọ́n ti wà nínú ààtàn láti ìgbà ìkórè. Wọ́n ń rí pa. Bàbá kì í bú wọn, ó kàn máa ń sọ pé ẹja tó ń lọ bímọ kò ráyè oúnjẹ; ẹni tó bá fẹ́ kó ṣù bò ó, kí ó pè é.

Kristups ni olórí àwọn apẹja wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá sì ni. Ó wá sílé wa ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìpàdé àdúrà, ó mu kọfí ife méjì kó tó lè la ẹnu. Ó ní lọ́dún tó kọjá, ìlù Bàbá ń sáré ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ẹja sì ń yí padà. Ó ní kí Bàbá máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, àwọn yóò máa gbé ẹja tirẹ̀ wá fún un. Kí ó sì jọ̀wọ́ pákó rẹ̀ fún àwọn, nítorí bàbá bàbá mi ló gbẹ́ pákó náà, kò sì sí èyí tó dùn tó o ní gbogbo etí ọ̀sà. Ó pariwo débi pé àwọn aládùúgbò á ti gbọ́. Bàbá kò gbọ́. Èmi ni mo tún un sọ sí i létí, mo sì yọ èyí tó korò kúrò nínú rẹ̀.

Bàbá yíjú sí i. "Kristups, ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di kùmọ̀ mú?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Nígbà tí mo ń kọ́ ọ, ṣé etí ni mo ní kí o fi dì í mú?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kristups kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ọkùnrin kan tí yóò bá a jókòó ti pákó lọ́dún yìí. Bàbá ní kò burú, ó sì nawọ́ sí mi. "Urte á jókòó tì mí."

Ọdún kẹrin rèé tí ọkọ mi ti kú tí mo ti padà sílé bàbá mi. Láti kékeré ni mo ti ń tún ẹja ṣe, ṣùgbọ́n n kò lu pákó rí, obìnrin kankan kò sì lù ú rí ní Vente. Kristups dìde, ó dé fìlà rẹ̀. Ó ní tí mo bá lù ú, ẹja á rò pé ìyá kan ló ń gún nǹkan ní ilé ìdáná, wọn á sì sá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, a fa ẹrù wa gba orí yìnyín lọ, a gbẹ́ ihò tiwa jìnnà sí tiwọn, lẹ́yìn esùsú. Bàbá gbé ọwọ́ mi lé àyà rẹ̀, ó sì ń kùn orin Lẹ́ńtì kan tí a máa ń kọ nílé ìpàdé, kí n lè mọ bó ṣe ń lọ. Kíkùn kan, lílù kan. Òun lu àkọ́kọ́, èmi lu èyí tó tẹ̀lé e. Ó ní kí n má ṣe sáré, nítorí ẹni tó ń kẹ́dùn ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kì í sáré. Ó ní ẹsẹ̀ òun ń gbọ́ ìlù náà nínú yìnyín, ìyẹn sì tó òun.

A lù títí apá mi fi kú. Nígbà tí a fa àwọ̀n, ẹja mẹ́ta. Lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn Kristups ń da ẹja jáde lápẹ̀rẹ̀ lápẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ké sí wa pé ṣé lẹ́tà ni Bàbá Ansas kọ sí ẹja tirẹ̀ ni, bóyá ó ṣì wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa pé èmi nìkan ni mo gbọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ kìíní. Ìró pákó Kristups máa ń yípo nínú yìnyín, ó máa ń dé inú èèyàn. Tiwa dà bí ìgbà tí wọ́n ń lu àpò ìyẹ̀fun. Mo ti rò pé ọwọ́ mi ló fà á. Ní ọjọ́rú, mo gbé kùmọ̀ mi sílẹ̀, mo jẹ́ kí Bàbá dá lù ú. Àpò ìyẹ̀fun náà ni. Mo kúnlẹ̀, mo tọwọ́ bọ inú ihò. Omi ti dì mọ́ pákó lọ́rùn, orí rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ yìnyín, kò lè gbọ̀n. Nígbà tí etí Bàbá ṣì dá, á ti gbọ́ ọ, á ti sún un díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ pé òun ṣe é.

Mo sọ fún un, ó ka ètè mi, inú sì bí i. Ó ní kí wọ́n tó bí mi ni òun ti ń ti pákó bọ abẹ́ yìnyín, ẹsẹ̀ òun sì ti sọ fún òun pé ó dára. Ó tún ń lù ú, ó ń lù ú kíkankíkan. Mo mú kùmọ̀ tèmi, mo jókòó lé e lórí.

"Bàbá, pákó yín ti yadi. Ẹ ò gbọ́ ọ. Èmi gbọ́ ọ."

Kò tíì sí ẹnikẹ́ni tó wí i fún un lójúkojú bẹ́ẹ̀. Kristups pàápàá, ọ̀rọ̀ ìlù tó ń sáré ló fi bo tirẹ̀. Bàbá wò mí títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi irin tí a fi ń gbẹ́ yìnyín lé mi lọ́wọ́.

Mo gbẹ́ yìnyín kúrò lọ́rùn pákó. Mo ki igi kékeré kan bọ abẹ́ rẹ̀, mo ń sún un díẹ̀ díẹ̀, Bàbá ń lù ú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ojú mi ni ó ń wò. Ìgbà tí ó dé ibì kan, ìró náà gbéra, ó wọ inú eyín mi. Mo nawọ́ sókè. Bàbá bẹ̀rẹ̀ orin Lẹ́ńtì náà láti ẹsẹ àkọ́kọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwa méjèèjì ni a jọ fa àwọ̀n, apá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Kò tó ti Kristups, ṣùgbọ́n ẹrù tí a fà délé kò jẹ́ kí a lè sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, òórùn kùkúḿbà sì gba gbogbo ilé. Ní ọjọ́bọ̀, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Kristups rìn wá láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Ó kí Bàbá dáadáa. Ó ní kí ó padà wá sí ààyè rẹ̀, kí a gbé pákó náà sí àárín gbogbo wọn. Ó ní èmi Urte ti gbìyànjú, Ọlọ́run rí i, kí n máa lọ sílé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin òun yóò máa gbọ́ ìró fún Bàbá. Ó rọra sọ̀rọ̀, ó jẹ́ kí ètè rẹ̀ hàn, Bàbá sì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìsí èmi.

"Kristups, ara Urte ni etí mi wà báyìí. Bí o bá ń fẹ́ ọwọ́ mi, wàá gba etí mọ́ ọn. Ọlọ́run kò dá ẹnikẹ́ni ní kìkì ọwọ́."

Kristups ní àwọn yòókù kò ní gbà. Láti ayé àwọn bàbá ńlá, obìnrin kò jókòó ti pákó láàárín ọkùnrin.

"Ó dáa. Ọ̀sà fẹ̀, ẹni tó dá a kò sì kọ ìwé rẹ̀ fún yín."

Kristups wá sọ ohun tó bá wá gan-an. Ó ní ó kéré tán, kí Bàbá yọ̀ǹda pákó, nítorí gbogbo abúlé ló ti jẹ nínú rẹ̀. Bàbá gbé ìdí lé ìparí pákó náà, ó sún díẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ibi tó ṣẹ́ kù. Mo lọ jókòó síbẹ̀. Kristups dúró tì wá títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun fún òtútù, lẹ́yìn náà ó yí padà lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó jáde, mo dé ọ̀dọ̀ káfíńtà. Mo ní kí ó gbẹ́ kùmọ̀ kan tí yóò bá ọwọ́ mi mu. Ó béèrè bóyá Bàbá Ansas ló rán mi. Mo ní rárá, tèmi ni, kí ó sì fi igi líle gbẹ́ ẹ.