Irùngbọ̀n Kápténì Lobov

Bí Zakhar ṣe jáde síta láàárọ̀, àgbọ̀n Kápténì Lobov ló kọ́kọ́ rí, ó sì ń dán. Ọ̀gá ti fá irùngbọ̀n. Àyà Zakhar já.

Ní gbogbo pápá bàálù Kuban nílẹ̀ Rọ́ṣíà, ta ni kò mọ̀ pé alẹ́ ni awakọ̀ bàálù ogun ń fá irùngbọ̀n? Ẹni tó bá fá a láàárọ̀ kó tó lọ bá Jámánì jà lófúrufú, ikú ló ń pè. Lobov kì í sì í ṣe ọmọ àná. Ìràwọ̀ pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ara bàálù rẹ̀ tán, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún bàálù ọ̀tá tó yìn lulẹ̀. Zakhar ni wọ́n ní kó máa fi bàálù tirẹ̀ fò tẹ̀ lé e, kó máa ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó sáré lọ bá Glafira, mẹkáníìkì wọn.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rí àgbọ̀n ọ̀gá?”

“Mo rí i. Rọra sọ̀rọ̀.” Glafira tẹrí ba sídìí ẹ́ńjìnnì. “Ọjọ́ tí Ignat kú, ó fá a. Ọjọ́ tí Prokhor kú, ó fá a.”

“Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó dé?”

“Àwọn ni. Òun ló ń fá irùngbọ̀n, ẹlòmíì ni ikú ń mú lọ. Àbúrò mi, la ojú ẹ o.”

Zakhar gun bàálù rẹ̀. Ìbá ní inú ń run òun, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Òfin wọn le: ẹni tó bá fi ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ lójú ìjà, ìbọn ni wọn yóò yìn fún un.

Lórí òkun, Lobov rí bàálù Jámánì kan tó ń rú èéfín, ó sì fò wálẹ̀ tẹ̀ lé e. Zakhar náà fò wálẹ̀ tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, bàálù Jámánì méjì ń bọ̀ láti inú oòrùn.

“Ọ̀gá, méjì ti wà lẹ́yìn mi! Ẹ yí padà!” ló pariwo sínú rédíò.

“Mo ti fẹ́ mú tèmi. Dúró síbi tó o wà.”

“Wọ́n ń yìnbọn fún mi!”

“Mo ní kó o dúró!” Ohùn ọ̀gá tutù bíi ti ẹni tó jókòó ti oúnjẹ.

Ìgbà yẹn ló yé Zakhar. Lobov ò wá ẹ̀ṣọ́ kankan. Ara ẹlòmíì ló fi ń gba ọta. Dígí fọ́ sí i lójú. Ẹ̀mí ò láàrọ̀. Ó yà bàrá, ó sá wọ inú ìkùukùu.

Ó balẹ̀ ní òun nìkan, ó sì dúró sínú koríko, ó ń wo òkè. Bí Lobov ò bá dé, wọn yóò ní òun ló pa á. Bó bá dé, yóò fẹjọ́ sùn. Ẹ̀rù ò bà á báyìí rí láyé rẹ̀.

Lobov dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó gbé ọwọ́ lé Zakhar léjìká.

“O sá fi mí sílẹ̀.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́…”

“Ta ló ń bá ẹ jà? Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan. Àárín èmi àti ẹ ni. Lọ́la, àwa méjèèjì náà la jọ ń lọ.”

Okùn ti wà lọ́rùn Zakhar, ọwọ́ Lobov sì ni ìdí okùn náà wà.

Ọ̀gá yíjú sí Glafira, ó ń fọwọ́ pa àgbọ̀n.

“Bá mi kun ìràwọ̀ kan sí i. Tílẹ̀ bá sì ti mọ́ lọ́la, kó o gbé omi gbígbóná wá fún mi. Mo fẹ́ fá irùngbọ̀n.”