Etí Ìborùn Tí Mo Gé

Mo ti gé e. Kí ni mo fẹ́ wí báyìí? Òwú náà nìyí nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, kò sì sí bí mo ṣe fẹ́ lẹ̀ ẹ́ padà… Ìyàwó mi ṣì wà ní balùwẹ̀. Mo ń gbọ́ omi. Tí omi yẹn bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn.

Kí n fi ìborùn sínú báàgì ọwọ́ ni ìyàwó mi wí. Kò ní kí n tún un rán. “Ẹ bá mi fi í sókè pátápátá, kí n lè tètè fà á yọ tí òtútù bá dé.” Ohun tó sọ nìyẹn kó tó wọlé wẹ̀. Iṣẹ́ tí ò ju kí èèyàn ká aṣọ, kó gbé e lé orí àwọn ẹrù yòókù. Èmi wá lọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ. Ta ló bẹ̀ mí níṣẹ́?

Ọwọ́ télọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n di ẹ̀bi náà ru ọwọ́ télọ̀… Ìborùn aláwọ̀ aró, ó rí múlọ́múlọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ ló rà á fún un lọ́jọ́ tó dágbére fún wọn ní wọ́ọ̀dù pé òun ń lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun. Etí rẹ̀ méjèèjì, òwú gígùn ló rọ̀ dìrọ̀dìrọ̀ níbẹ̀. Lójú gbogbo ayé, oge nìyẹn. Lójú tèmi, aṣọ tí ẹnì kan rán tí kò parí ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, rúlà ló fi máa ń lù wá lọ́wọ́ tó bá rí etí aṣọ tí a ò ṣẹ́: “Ṣé o rán an ni, àbí eku ló bá ọ gé e?” Títí dòní, tí mo bá rí òwú tó yọ jáde létí aṣọ, ara mi kì í balẹ̀.

Àti pé òwú yẹn máa há sínú síìpù báàgì. Ó máa kọ́ bẹ́líìtì ìjókòó. Ìrìn àjò náà jìn. Ìyàwó mi tí mo mọ̀, kí bàálù tó gbéra dáadáa, ó ti sùn, ẹnu á sì là sílẹ̀. Á ká ìborùn náà ṣe ìrọ̀rí, tó bá yá á fi bo ẹsẹ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́ á ta á sí èjìká. Kí òwú wá lọ wọ̀ ọ́ lẹ́nu lójú oorun ńkọ́? Mo rò ó, mo rò ó dáadáa, ọkọ tó mọ ìtọ́jú aya ni mí—

Irọ́ ni mò ń pa. Mo ti gé e tán kí ọ̀rọ̀ síìpù tó wá sí mi lọ́kàn.

Ó fẹ́ràn òwú yẹn. Lánàá, ó ta ìborùn náà sí èjìká níwájú dígí, ó ń yí, òwú ń fì tẹ̀lé e. Ó ní kó mú òun móoru lójú ọ̀run, kó sì bu iyì fún òun nílẹ̀, pé ẹni tó ń lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ játijàti bí ilẹ̀ tí adìẹ tàn. Ó rẹwà. Ọlọ́run mọ̀ pé ó rẹwà, ó wá dà bí ẹni tí mi ò rí rí. Kí ni mo sì sọ? “Ìyáàfin, òwú yẹn ti pọ̀ jù.” Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Mo rí i, mo ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Láti ìgbà tí iṣẹ́ yẹn ti dé ni mo ti ń tún nǹkan ṣe. Mo pààrọ̀ síìpù àpótí. Mo tún ọwọ́ báàgì rán. Bọ́tìnì kóòtù tí kò já, mo tún un gán. Ìyá ìyàwó mi ń kan sáárá, ó ní, “Ọkọ ọmọ mi, irú yín ṣọ̀wọ́n.” Inú mi dùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ránṣọ lọ́wọ́, tó fi ètè di abẹ́rẹ́ mú, ta ló máa ní kó sọ̀rọ̀?

Àmọ́ ó ní kí n sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, a jọ ń ká aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣàdédé dúró. “Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ?” Èmi àgbàlagbà wá dáhùn… mo ní, “Má gbàgbé ìborùn o, inú bàálù máa ń tutù.”

Àṣẹ ni mo rò pé ó ń tọrọ. Àṣẹ wo? Ẹnu èmi yìí ni mo fi sọ pé kó gba iṣẹ́ náà, pé owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ dá dúró, pé èmi náà á tẹ̀ lé e tó bá yá. Obìnrin tó ti dágbére níbi iṣẹ́, kí ló tún fẹ́ fi àṣẹ ṣe? Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ilé yìí á dùn ún gbé fún mi tí òun ò bá sí níbẹ̀ ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sì fi òtútù dá a lóhùn.

Ẹ̀rù ń bà mí ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé á sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹwà yẹn, láàárín àwọn tí ò mọ̀ pé ó ní télọ̀ kan nílé. Ìdí tí mo fi gbé sísọ́ọ̀sì nìyẹn.

Omi ti dákẹ́.

Ó ti jáde. Ó ti gbé ìborùn náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ létí aṣọ náà, ó ń wá òwú, kò rí i… ó wo ilẹ̀. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ síìpù ló sáré dé ètè mi. Mo gbé e mì.

“Lọ o,” ni mo wí. “Lọ, iṣẹ́ yẹn dára. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí o lọ.”

Awakọ̀ tó fẹ́ gbé e lọ sí pápákọ̀ òfuurufú ń fun fèrè níta. Ìyàwó mi gbọ́, kò jáde. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi ìborùn náà bo orúnkún àwa méjèèjì.