Ráútà Inú Àpótí Irin

Ẹni tó bá ní kí n má bínú nítorí ráútà, ọmọ tirẹ̀ kò tíì fi ilé sílẹ̀ rí ni. Ó pẹ́ tí àbíkẹ́yìn mi ti ń gbé ìlú tó jìn, nínú yàrá kan tí mi ò mọ àwọ̀ ògiri rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ wọn sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lè máa ti ilé ṣiṣẹ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì padà sí yàrá rẹ̀ àtijọ́ lẹ́yìn ilé. Inú mi dùn débi pé mo fọ aṣọ oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Alágbàfọ̀ ni mí, iwájú ilé wa náà ni mo ti ń lọ aṣọ.

Iṣẹ́ ọmọ mi ni láti máa dá àwọn tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lóhùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ráútà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì yíká ilé nígbà náà, tí ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́, kì í jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Yóò bá oníbàárà dé ìdajì, nẹ́tíwọ̀kì á já, oníbàárà á sì bá tirẹ̀ lọ. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọ̀gá rẹ̀ wá pè é, ó ní bí nǹkan bá ń lọ báyìí títí oṣù á fi parí, kó palẹ̀ mọ́, kó padà sí ọ́fíìsì. Bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi, ńṣe ló dà bíi pé kò ká a lára. Ó ká èmi lára. Mi ò fẹ́ kó lọ, mo sì sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

"Èmi fúnra mi ni mo máa ra ráútà tuntun," ni mo wí.

"Màámi, kí lẹ mọ̀ nípa ráútà?"

"Mo mọ ọjà rà. Ìyẹn ò tó?"

Obìnrin tó ń tà á ní òpópónà kejì, Ìyá Wáyà ni gbogbo wa ń pè é, nítorí kò sígbà tí wáyà kì í wé mọ́ ọn lọ́rùn. Èyí tó kọ́kọ́ gbé jáde na apá mẹ́jọ sókè bí aláǹtakùn tó dojú dé. Mo bi í bóyá gbogbo apá yẹn ló ń ṣiṣẹ́ àbí àwọn kan kàn ń wòran. Ó rẹ́rìn-ín.

"Yàrá mélòó lẹ ní nílé, Mà?"

"Mẹ́rin."

"Àwọn wo ló máa lò ó?"

"Ọmọ mi. Bàbá ẹ̀ náà máa ń wo bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró."

"Ẹ fi eléyìí sílẹ̀. Ilé yín kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì, yóò kàn jẹ yín lówó lásán ni."

Ó wá gbé kékeré kan wá, alápá méjì, tó ní bátìrì nínú fún ìgbà tí iná bá lọ. Gàrántì rẹ̀ jẹ́ ọdún kan. Mo ní kó júwe ẹnì kan tó ti rà á tí kò tíì padà wá bú u, ó tọ́ka sí onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì. Mo sọdá lọ bi í. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti rà á, òun ò tíì bẹ̀ ẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Mo padà, mo sì ń ná an títí Ìyá Wáyà fi ní kí n máa gbé e lọ kí òun lè rí ààyè mí.

A gbé e sórí tábìlì pálọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti iwájú ilé, mò ń gbọ́ ohùn ọmọ mi: ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ó ń bá oníbàárà ṣàwàdà. Àfi bí ọkọ mi ṣe dá sí i.

Jórinjórin ni ọkọ mi, ohunkóhun tó bá sì ti ṣe iyebíye lójú rẹ̀, irin ló máa fi ká a mọ́. Sílíńdà gáàsì wà nínú irin. Tẹlifíṣọ̀n wà nínú irin. Nígbà tí a bí àkọ́bí wa, bẹ́ẹ̀dì tó jó fún un, géńdé mẹ́rin ló gbé e wọlé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè máa wo ráútà tuntun ní ìhòòhò lórí tábìlì. Ó wọn ọ́n, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé àpótí irin kan dé, tó nípọn, tó kùn láwọ̀ ojú ọ̀run, tó lu ihò wẹ́wẹ́ sí lára kí ráútà lè máa mí. Ó kàn án mọ́ ògiri, ó fi àgádágodo sí i. Mi ò ní purọ́, ó rẹwà. Èmi gan-an ni mo fi aṣọ tútù nù ún. "Olówó orí mi," mo ní, "ọwọ́ yín ò ní rọ."

Láti ọjọ́ náà ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń rìn bí aláàárẹ̀. Tó bá dé yàrá ẹ̀yìn, kò sí mọ́. Ọmọ mi a máa gbé kọ̀ǹpútà sáré wá sí pálọ̀, a fara ti àpótí bí ẹni tó ń yáná, síbẹ̀ oníbàárà á máa já mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó yá, mo rí i tó ń nu eruku ara báàgì ìrìn-àjò rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló mú orí mi gbóná.

Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo yọ ráútà, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Wáyà. "Gba ọjà ẹ," ni mo wí kí n tó kí i. Ó ti iná bọ̀ ọ́, ráútà sì ń ṣiṣẹ́ geerege. Ó wò mí.

"Mà, ibo lẹ gbé e sí nílé?"

Mo júwe àpótí fún un, ìnípọn rẹ̀, ọ̀dà rẹ̀, àgádágodo rẹ̀. Àṣé mo tún ń fi yangàn. Ó rọra fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ má bínú, Mà. Nẹ́tíwọ̀kì kì í rí ọ̀nà gba inú irin. Bó bá jẹ́ pákó ni, kò burú. Irin ló ń sé e mọ́."

Ojú tì mí, pàápàá nígbà tí mo rántí aṣọ tútù yẹn. Mo délé, mo sọ ọ́ fún ọkọ mi.

"Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?" ó ní. "Àpótí tí mo jó, kò sí nǹkan tó lè jáde nínú ẹ̀."

"Ohun tó ń bá wa jà gan-an nìyẹn, Ọ̀gá."

Ó wo ilẹ̀kùn yàrá ọmọ wa, ó sì mú sípánà, ó tú àpótí kúrò lára ògiri. Ó jáde lọ láìsọ ibi tó ń lọ. Ọ̀dọ̀ káfíńtà òdìkejì ni, ẹni tó ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ látọdúnmọ́dún pé oúnjẹ ikán ló ń kàn. Ó dé pẹ̀lú pákó pẹlẹbẹ kan lábẹ́ abíyá.

"Má bi mí ní nǹkan kan," ó ní.

Mi ò bi í. Inú mi ni mo ti rẹ́rìn-ín. Ó kan pákó náà mọ́ òkè ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín pálọ̀ àti yàrá ẹ̀yìn, a gbé ráútà lé e, ilé sì tún kún fún ohùn ọmọ.

Nígbà tí oṣù parí, mo kó aṣọ rẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, mò ń gbé e lọ fún un. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ látinú kọ̀ǹpútà, ohùn rẹ̀ já geere. Ó ní iṣẹ́ ọmọ mi wu àwọn, àwọn fẹ́ fi ṣe olórí ẹ̀ka kan, owó oṣù á sì gbé pẹ́ẹ́lí, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ni yóò ti máa ṣe é.

Mo dúró gbagidi. Ọlọ́run má bínú sí mi, mo gbàdúrà kí nẹ́tíwọ̀kì já. Kò já. Ráútà tí mo fọwọ́ ara mi yàn.

Ọmọ mi fa àga sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ẹ ṣeun gan-an, sà," ó ní. "Mo ti dá gbé tó. Ẹ jẹ́ kí n máa bá èyí lọ láti ilé."

Ó yíjú padà, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Màámi, ẹ ti ń gbọ́ látìgbà yẹn?"

"Ṣé nítorí mi lo ṣe kọ̀ ọ́?" mo bi í.

"Ẹ̀yin lẹ lọ ra ráútà tí kì í já," ó ní. "Ta lẹ fẹ́ kó máa lò ó?"

Ẹkún gbọ̀n mí, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu mi. Mo fi aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi nu ojú, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí òmíràn fọ̀.