Ajá Tó Ń Jẹ́ Kòkànyín

Ẹni tó bá sọ fún yín pé mo fẹ́ràn ajá, irọ́ ló pa. Ọkọ mi ló mú un wálé. Awakọ̀ tírélà ni, ó máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan ló dé pẹ̀lú ajá ọdẹ kan, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, funfun tó ní àmì pupa lára, etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀ bíi kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tí wọn ò lọ̀. Ó ní kó máa bá mi ṣeré nígbà tí òun ò bá sí nílé. Eré wo? Èmi tí mò ń fọ aṣọ, tí mò ń lọ aṣọ fún gbogbo ayé láti àárọ̀ dalẹ́.

Irú ajá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ajá ìjókòó. Igbó àti ẹyẹ ni wọ́n bí i fún. Bí n kò bá mú un sáré fún odidi wákàtí kan láàárọ̀, kí n tún mú un sáré nírọ̀lẹ́, ohun tó bá rí ló máa fi ehín ṣe. Ó ti jẹ sálúbàtà mẹ́rin, ó ti fa tìmùtìmù ya, ó sì jẹ wáyà áyọ́ọ̀nù mi já lọ́jọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù. Mo bú u títí ẹnu fi ro mí. Síbẹ̀, ká tó wọlé lálaalẹ́, èmi náà ni mò ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan, tí mò ń wò ó bóyá ẹ̀gún gún un.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti fẹ́ra, a ò tíì bímọ. Àwọn aládùúgbò ò sì jẹ́ ká sinmi, pàápàá Ìyá Onílé tó ń gbé lókè wa. Bí a bá ti pàdé lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á ní, "Ìyàwó, báwo ni? Ẹ ti lọ rí dókítà?" Nígbà tí ajá dé, ọkọ mi sọ ọ́ ní Kòkànyín. Ó ní ẹni tó bá béèrè orúkọ rẹ̀ á gbọ́ èsì gbogbo ìbéèrè rẹ̀ yòókù. A rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn wá.

Ìyá Onílé ló kọ́kọ́ kó sí i.

"Ajá yìí mà rẹwà o. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Kòkànyín ni, mà," mo dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n gba àtẹ̀gùn wọn lọ. Láti ọjọ́ yẹn, fún oṣù mẹ́jọ gbáko, tí mo bá kí wọn, wọ́n kàn ń mi orí ni. Ọ̀rọ̀ náà tàn ká, oníkálukú sì gbé ẹnu kúrò lára wa. Ohun tí a fẹ́ náà kúkú nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé ìtura kan kó ọgọ́ta aṣọ ìbùsùn fún mi, wọ́n ń fẹ́ ẹ kíákíá. Ọjọ́ méjì ni n kò fi mú ajá jáde. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì, láti ìdí tábìlì dé ẹnu ọ̀nà, èékánná rẹ̀ ń ró lórí sìmẹ́ńtì. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. "Ọ̀la la ó sáré," mo sọ fún un. Ajá ò mọ ọ̀la.

Bí awakọ̀ ilé ìtura ṣe ṣílẹ̀kùn láti wá kó ẹrù báyìí, ajá gba abẹ́ apá rẹ̀ jáde. Mo fa áyọ́ọ̀nù yọ lára iná, mo sá tẹ̀lé e láìwọ bàtà.

Géètì irin ló wà ní ìparí òpópónà wa. Ọ̀nà márosẹ̀ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tírélà ò sì mọ ìdúró níbẹ̀. Ìyàwó awakọ̀ tírélà ni mí, mo mọ ohun tí táyà ń fi ajá ṣe. Mò ń gbàdúrà kí géètì wà ní títì.

Kò sí ní títì. Bàbá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ìṣọ́ géètì ló dúró níbẹ̀, ọwọ́ wọn wà lórí irin. Tí wọ́n bá tì í pẹ́rẹ́, ajá ò ní rí ọ̀nà jáde.

"Ọmọ mi, kí lò ń lé?"

"Kòkànyín!" mo pariwo. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Kòkànyín!"

Bàbá yọwọ́ kúrò lára géètì. "Ó dáa náà. Bí kò bá kàn mí, kò kàn mí." Ajá kọjá níwájú wọn.

Bó ṣe la àárín ọkọ̀ kọjá, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo fi dé etí títì, ó ti wà lórí koríko tó pín ọ̀nà sí méjì. Àdàbà méjì ń ṣa nǹkan jẹ níbẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ó na ìrù, ó dúró gbagidi. Bí irú wọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá rí ẹyẹ: kò ní mira títí ẹyẹ á fi fò. Mo la ẹnu láti pè é, mo tún pa á dé. Tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀ tààrà, láàárín àwọn tírélà yẹn. Tí ẹyẹ bá sì fò, á tẹ̀lé ẹyẹ bọ́ sí apá kejì.

Àwọn aládùúgbò ti ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Télọ̀ tó wà ní iwájú ilé wa ní, "Ẹ pè é náà! Kòkàn..." Mo fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Ẹ má pè é. Tó bá gbọ́, ó kú."

Ibẹ̀ ni mo ti rí Ìyá Onílé tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n bọ́ sójú títì, wọ́n ń fì í sókè kí àwọn ọkọ̀ lè dúró.

"Ìyá, ẹ padà o!"

Wọn ò wẹ̀yìn. Tírélà kan fọn fèrè, ó tẹ búrèékì, òórùn rọ́bà jíjó gba gbogbo ibẹ̀. Ó dúró níbi tí Ìyá ti lè nawọ́ kan imú rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó kù to sẹ́yìn rẹ̀, awakọ̀ kan sì ń ṣépè.

Mo kọjá díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà gbígbóná ń jó mi lẹ́sẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ajá, mo ki ìka bọ bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀. Àdàbà fò. Ajá ta gìrì, ó wọ́ mi lórí orúnkún títí awọ fi bó, n kò jù ú sílẹ̀.

Nígbà tí a padà sétí títì, mo jókòó sílẹ̀. Bàbá ẹnu géètì ti wá gbọ́ pé orúkọ ajá ni, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ ṣáá. Ìyá Onílé jókòó tì mí, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá, kí ló gbé yín wọ ojú títì nítorí ajá?"

"Tí n bá sọ ọ́, o ò ní sọ pé kò kàn mí?"

Ojú tì mí. "Ẹ má bínú, mà. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí ẹ máa ń bi wá ló dùn wá."

"Ṣé o dúró gbọ́ ìdí tí mo fi ń béèrè?" Wọn ò wojú mi. "Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo lò nílé ọkọ kí n tó bí ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Dókítà obìnrin kan ló tọ́jú mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ mú ọ lọ. Lọ́jọ́ tí mo béèrè orúkọ ajá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ń wá bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀."

"A ṣì lè rí wọn, mà?"

"Oṣù tó kọjá ló fẹ̀yìntì. Ó ti kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun."

Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni mí. Mo sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò, n kò bojú. Ajá tún ti ń fà mí, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ìyá Onílé gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ki gèlè wọn bọ bẹ́líìtì ọrùn rẹ̀, wọ́n ta á ní kókó. Wọ́n wá pè é lórúkọ, ohùn wọn rọ̀, ó sì tẹ̀lé wọn lọ sílé.