Ayẹyẹ Ìdágbére fún Arò-ó-wò

Obìnrin kan wà tó ń wa kirénì ní èbúté. Kirénì náà ga fíofío ju ilé alájà mẹ́wàá lọ. Àwọn àpótí irin gìrìwò tí ọkọ̀ òkun bá kó dé, òun ni yóò gbé wọn sókè, tí yóò sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ ẹrù jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ jòjòló sórí ibùsùn. Ìyá Òkè ni àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ ń pè é. Bó bá ti gun àkàbà láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó tún fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò ni ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù èèyàn, tí ẹni náà wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n san owó ohun tó jóná fún òun, ọkọ yìí ni yóò jókòó ti ẹ̀bẹ̀ náà, tí yóò máa wá ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fún un ní nǹkan kan. Iṣẹ́ yìí ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù débi pé bí wọ́n bá bi í nílé pé ṣé yóò jẹun, yóò kọ́kọ́ gbójú sókè, yóò họrí, yóò wá ní, "Ẹ jẹ́ ká rò ó wò." Nínú ọkàn ìyàwó rẹ̀, Arò-ó-wò ni orúkọ rẹ̀. Kò pè é síta rí o. Ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìwà ni wọ́n ti tọ́ obìnrin náà. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò fi "ìwọ" pe ọkùnrin náà rí, "ẹ̀yin" ni.

Nígbà tó yá, èbúté ńlá kan lókè òkun rán àwọn èèyàn wá wá àwọn tó mọ kirénì í wà. Wọ́n dúró nísàlẹ̀, wọ́n na ọrùn wo Ìyá Òkè títí ọrùn fi ro wọ́n. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kó wá bá àwọn ṣiṣẹ́, kó mú ọkọ àti ọmọbìnrin rẹ̀ dání.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé tayọ̀tayọ̀. "Dádì, wọ́n ní ká máa bọ̀!"

Ọkọ rẹ̀ wo àjà. Ó họrí. "Mọ́mì, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀. Òtútù wà níbẹ̀. Ta ni yóò máa ṣọ́ ilé? Kí lèmi fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀, kí n máa ka ẹyẹ? Ẹ jẹ́ ká rò ó wò."

Ó rò ó. Ó rò ó nídìí oúnjẹ, ó rò ó ní balùwẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ lálẹ́. Bó bá ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tó ni ojú ọkùnrin náà ń dán tó, bí ológbò tó jókòó ti ẹja. Nígbà tí kò rí nǹkan rò mọ́, ó lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá.

Àwọn ará ilé ń pe ẹ̀gbọ́n yìí ní Bọ̀dá Alága, torí pé kò sí ìpàdé tí kì í ṣe alága rẹ̀, bó tilẹ̀ ṣe ìpàdé èèyàn méjì. Bó ṣe dé, ó gba àga tó fẹ̀ jù ní pálọ̀, ó kún un dẹ́múdẹ́mú, ó sì wú ikọ́.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ìrù kì í ṣáájú orí wọ ihò. Níbo lẹ ti rí i kí ọkọ máa gbé báàgì tẹ̀lé aya lẹ́yìn? Bí wọ́n bá bi àbúrò mi níbẹ̀ pé kí ló bá wá, kí ni yóò wí? Pé ìyàwó ló kó òun wá, bí ẹni kó ìkòkò?"

Ìyá Òkè wò ó. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ orí àti ìrù yìí, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a so okùn bàtà. Tí obìnrin yẹn bá rìnrìn-àjò, ẹsẹ̀ lásán ni Alága fi ń rìn kiri àdúgbò títí yóò fi dé. Àmọ́ ó kàn ní, "Mo ti gbọ́, sà," ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Dádì, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Kí lẹ wí?"

Arò-ó-wò tẹjú mọ́ fáànù tó ń yí lókè, bí ẹni pé ibẹ̀ ni èsì yóò ti já bọ́.

Báyìí ni wọ́n wà tí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ adójútòfò fi tẹ Ìyá Òkè láago fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe ayẹyẹ kékeré kan fún ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọ̀la, kí ó jọ̀wọ́ yọjú, ṣùgbọ́n kó má sọ fún un, kí inú rẹ̀ lè dùn lójijì. Obìnrin náà rò pé ìgbéga ni. Ó gbàyè níbi iṣẹ́, ó sì lọ tòun ti bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀.

Ó bá yàrá ìpàdé tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ mèremère ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó bá kéèkì lórí tábìlì. Ó bá ọkọ rẹ̀ láàárín, nínú kóòtù òtútù tó nípọn bí tìmùtìmù, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáwó rà fún un. Oòrùn ń ran bí iná níta. Òógùn ń ṣàn lágbárí ọkùnrin náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Ọ̀gá àgbà gba máìkì. "Èbúté ńlá kan lókè òkun," ó ní, "wá ẹni tí yóò ṣe olórí kirénì wọn káàkiri ayé, wọn ò rí. Àfi arákùnrin tiwa yìí! A ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó mọ kirénì í wà; onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni, kò sọ fún wa rí. Ẹ jẹ́ ká tún pàtẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀, tó gbà láti fi iṣẹ́ kékeré tó ń ṣe sílẹ̀, kó lè tẹ̀lé ọkọ rẹ̀."

Àtẹ́wọ́ ròkè. Wọ́n na máìkì sí Ìyá Òkè. Ó wo ọkọ rẹ̀: ọkùnrin tó gun àpótí lọ́jọ́sí láti pààrọ̀ gílóòbù, tí òòyì fi kọ́ ọ, tó jẹ́ pé òun ló dì í mú sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ ṣeun gan-an ni," ó ní. "Iṣẹ́ tí ọkọ mi fẹ́ lọ ṣe yìí, mo mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ga. Àdúrà mi ni pé kó má wolẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe àmín. Arò-ó-wò náà ṣe àmín, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹ̀fọn lọ.

Ìyá Òkè ló wa ọkọ̀ wọn kúrò ládùúgbò ọ́fíìsì. Ó wá páákì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

"Ṣé o ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀?"

Ọkùnrin náà ta gìrì. "O" yẹn bà á lẹ́rù ju ìbéèrè náà lọ. "Mo ti kọ ọ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"O ti pinnu, o wá jókòó sílé tí mò ń bẹ̀ ọ́?"

"Mo fẹ́..." Ó nu òógùn. "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀ mí díẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá mọ̀ lọ́fíìsì pé mò ń tẹ̀lé yín ni, wọn yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wá ń kìlọ̀ fún mi nípa orí àti ìrù ńkọ́?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n sọ ọ́."

Ìyá Òkè bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dùn létí. Ká ní irọ́ ọkùnrin yìí tilẹ̀ tóbi ni, ká ní ó jalè, ká ní ó lóbìnrin níta, èèyàn ìbá mọ ibi tí yóò dì í mú sí. Ṣùgbọ́n irọ́ tó tín-ín-rín báyìí, tí wọ́n pa nítorí kéèkì àti kóòtù! Kò rí inú bí mọ́. Ṣe ló kàn ń wò ó bí ẹni tó bá ìdin nínú èso.

"Èmi àti ọmọ máa lọ," ó ní. "Ìwọ dúró ná. Máa rò ó."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Obìnrin náà mú ọmọbìnrin wọn, wọ́n wọ bàálù, wọ́n lọ.

Ìyà wá kù fún Arò-ó-wò. Gbogbo ọ́fíìsì gbà pé ó ti wà lókè òkun, lórí kirénì. Ta ni yóò rí i lójú títì? Ó di ẹni tó ń yọjú lẹ́yìn kọ́tìnnì bí olóṣèlú tó jẹ gbèsè ìlérí. Alága ló ń bá a ra nǹkan wọlé. Nígbà tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kan ilẹ̀kùn láti béèrè bó ṣe ń ṣe níbẹ̀, Alága dáhùn lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ó wà dáadáa, òtútù nìkan ló ń dà á láàmú," nígbà tí àbúrò rẹ̀ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àga ní pálọ̀, tó ń di imú kó má bàa sín.

Ọjọ́ ìsinmi ni Ìyá Òkè máa ń pè. Wúyẹ́wúyẹ́ ni ọkùnrin náà ń dá a lóhùn, kí ará ìta má bàa gbóhùn rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti gbọ́ ohùn tín-ín-rín yẹn, ó ń fún ọmọ ní fóònù, ó ń lọ dáná.

Lọ́jọ́ kan, Alága ló pè é, tìbínú-tìbínú. "Ìyàwó wa, ẹ bá mi bá ọkọ yín sọ̀rọ̀! Ó ti ya wèrè! Ó jáde lọ́sàn-án gangan láti lọ ra àlùbọ́sà. Ó pàdé akọ̀wé ọ̀gá rẹ̀. Ìyẹn ní, 'Háà, ẹ ti dé?' Ó ní òun ò lọ. Ó ní ìyàwó òun ló ni iṣẹ́, òun ò mọ kirénì í wà, irọ́ lòun pa. Lójú títì! Ó ti wá ń sọ fún gbogbo èèyàn báyìí. Kí ni kí n fi ojú mi ṣe?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," Ìyá Òkè ní. "Àlùbọ́sà ńkọ́, ṣé ó rà á?"

Alága gbé fóònù sílẹ̀.

Obìnrin náà dúró lójú fèrèsé. Kò lè sọ pé òun ti dárí jì í. Ìríra náà ṣì wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó ti fẹ́ máa rẹ òun pàápàá láti gbé e kiri. Lọ́jọ́ kejì, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó kan ilẹ̀kùn onílé tó fún òun àti ọmọ ní yàrá lókè, ó bi í bóyá yàrá kékeré ìsàlẹ̀ ṣì ṣófo.

"Ó ṣófo. Ta lẹ fẹ́ fi síbẹ̀?"

"Ọkọ mi," ó ní. "Kó ṣì wà nísàlẹ̀ ná."